Fíìmù Ìbejì Tí Jàfárù Sọ Sínú Iná

Irọ́ tí Jàfárù onífọ́tò gbé mì ti pẹ́ nínú rẹ̀, ó sì ti tó kó pọ̀ ọ́ síta. Nígbà tí àìsàn sọ ọ́ di ẹni à ń gbé jókòó nílé rẹ̀ ní Ìgàndó, ó ní kí ìyàwó òun lọ pe Ìyá Ìbejì wá láti Ẹ̀gbẹ́dá, kóun má bàa gbé irọ́ náà lọ bá Ọlọ́run. Obìnrin náà wọlé, ó ń kí i kú àìlera, Jàfárù ò jẹ́ kó kí i tán. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀. Ọmọ tó wà lọ́wọ́ òsì nínú fọ́tò ara ògiri yín, kì í ṣe Kẹ́hìndé."

Ìgbà SAP, tí ìjọba ní ká fún ìgbànú mọ́ra, lọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, gbogbo nǹkan ti gbówó lórí. Jàfárù kì í ra oògùn ìfọfíìmù tí wọ́n ti pò sílẹ̀ mọ́. Ìyẹ̀fun rẹ̀ ló ń rà lọ́kọ̀ọ̀kan, á wọ̀n wọ́n, á pò wọ́n nínú abọ́ rọ́bà ní balùwẹ̀ tó fi aṣọ dúdú dí lójú. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ iṣẹ́ náà, kí á má purọ́ mọ́ ọn. Òfin kan ló wà níbẹ̀: béèyàn bá pò ó tán, kó gé etí fíìmù, kó fi dán an wò ná. Lọ́sẹ̀ tó ya àwọn ìbejì, mẹ́tọ́ọ̀lù, ìyẹ̀fun tó ń mú àwòrán jáde, tó yẹ kó funfun báláú bí kò bá tíì bàjẹ́, ti pọ́n bí omi tíì nínú ike. Ó rí i. Ó ní kò burú, á ṣe é. Kò dán nǹkan kan wò. Ìmẹ́lẹ́ ni, òun fúnra rẹ̀ ló pè é bẹ́ẹ̀.

Fíìmù jáde, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nǹkan lára rẹ̀. Kó tó rí ẹnu wí i, ibà ti gbé Kẹ́hìndé lọ. Ìyá Ìbejì wọ ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ojú wíwú, ó ní fọ́tò yẹn nìkan ló kù tóun á fi máa rántí ojú ọmọ òun. Tí Jàfárù bá jẹ́wọ́ níjọ́ náà, kò séwu. Onífọ́tò wo ni ò mọ̀ pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá rajà, èyí tó kù la máa ń yà, tá a ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan, tí ìyá á sì gbà á tọkàntọkàn? Ṣùgbọ́n ó ń tijú nítorí iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní kí wọ́n wọ aṣọ ọjọ́ náà fún Táyéwò, kóun ya ọmọ náà lọ́tọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó tẹ ojú ọmọ náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ní fọ́tò àkọ́kọ́ ló jáde yìí. Ìyá ọmọ fi ẹnu ko ojú Táyéwò lórí pépà náà, ó ń pè é ní Kẹ́hìndé. Jàfárù dúró, ó ń wò ó.

Ohùn Jàfárù ti ń lọ sílẹ̀ lórí ibùsùn nígbà tó dé ibi tó burú jù. Ó ní fíìmù àkọ́kọ́ ò ṣófo tán. Bóun bá gbé e sójú iná gílóòbù, àwọn ọmọ méjèèjì ń hàn fírífírí. Ọ̀gá kan wà ní Ìkòtún tó mọ oògùn ju òun lọ, ì bá rí nǹkan ṣe sí i. Ṣùgbọ́n òun ò fẹ́ kẹ́nì kan rí àṣìṣe òun, òun bá sọ ọ́ sínú iná tí wọ́n fi ń se ẹ̀wà.

"Ibà pa Kẹ́hìndé, èmi náà tún pa á lẹ́ẹ̀kejì," ni Jàfárù wí. "Ẹ forí jì mí."

Àìmọye ìgbà ni Ìyá Ìbejì ti fi fọ́tò yẹn han Táyéwò pé, wo ìkejì rẹ. Ó sunkún, kò pariwo. Jàfárù rò pé èpè ló kàn, ó sì gbà pé ó tọ́ sí òun. Obìnrin náà sún àga rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibùsùn.

"Búrọ̀dá Jàfárù, ẹ lẹ́ ẹ rí i lójú iná. Kí ni Kẹ́hìndé ń ṣe níbẹ̀?"

Jàfárù dijú kó lè rí i. Ó ní ọmọ náà ò wo kámẹ́rà. Ó yíjú sí Táyéwò, ó fọwọ́ bo ẹnu, bí ẹni tẹ́rìn-ín fẹ́ pa.

"Ẹ tún un sọ," ni Ìyá Ìbejì wí. "Ẹ rọra sọ ọ́. Ẹ̀yin nìkan lẹ rí i."