Ẹ Yọ Orúkọ Mi Kúrò Nínú Orin Òkú Yẹn

Wọ́n wọ̀n mí, Bọ̀dá! Káfíńtà fi tépù wọ̀n mí láti àtàrí dé gìgísẹ̀, ó tún ní kí n mí sínú dáadáa kí òun lè mọ bí àyà mi ṣe fẹ̀ tó. Pósí ni o! Èmi tí mo jẹun láàárọ̀, tí mo ṣì bá oníbúrẹ́dì jiyàn kí n tó kúrò nílé! Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ nǹkan yẹn létí. Ẹ yọ méjèèjì. Mi ò wá gbọ́ orin. Ẹ̀yin lẹ ká orin náà sílẹ̀, inú ẹ̀rọ yín ló wà, ẹ̀yin nìkan lẹ lè yọ mí kúrò níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi sáré wá pẹ̀lú bàtà tí kò bára mu. Ẹ wo ẹsẹ̀ mi!

Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ó dáa, ẹ máa rẹ́rìn-ín.

Ọdún mọ́kànlá, Bọ̀dá. Ẹ mọ̀ wá nígbà tí gbogbo ohun tí ẹgbẹ́ olórin wa, Òjìji, ní kò ju yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, tí a lẹ páálí ẹyin mọ́ ara ògiri kí ariwo gìtá má baà lé onílé jáde nílé ara rẹ̀. Ta ló fẹ́ gbọ́ wa nígbà náà? Àwọn tó fẹ́ràn gìtá tó ń bú ramúramù ní fayolín mi ń ba orin jẹ́. Àwọn àgbàlagbà ní a gbé orin àwọn ìyá wọn, a wọ̀ ọ́ láṣọ dúdú, a tan àbẹ́là yí i ká, bí ẹni tó fẹ́ fi dẹ́rù ba ọmọdé. Àwo àkọ́kọ́, mọ̀lẹ́bí ló rà á. Ìkejì, a gbé e lọ sí ìlú mẹ́sàn-án nínú ọkọ̀ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ò ṣeé tì, èmi ni mo fi okùn dì í mú lọ, dì í mú bọ̀. Mo ń sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé àlejò kọ́ ni mí. Mo bá wọn fi ọwọ́ gbìn ín ni.

Orin tó sì sọ wá di èèyàn, ta ló mú un wá? Èmi ni, èmi fúnra mi! Ìyá tó bí ìyá mi ló kọ́ mi. Orin arò ni. Tí wọ́n bá sin òkú tán, wọ́n á kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n á pe orúkọ ẹni tó lọ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á ní kó máa lọ, kó má wẹ̀yìn mọ́, ilẹ̀kùn ti tì. Tí ìyá àgbà bá ń kọ́ mi, tó bá dé ibi orúkọ, á kùn hùn-ùn, á fò ó kọjá. Mo sọ fún wọn! Mo dúró níwájú Ọ̀gá Gìtá, olórí ẹgbẹ́ wa, mo ní ẹ jẹ́ kí ibẹ̀ ṣófo.

Ṣùgbọ́n ẹ mọ eré tí a máa ń ṣe. Ẹni tó bá pẹ́ dé ibi ìdánrawò, orúkọ rẹ̀ la ó fi dí àlàfo náà títí yóò fi wọlé, tó bá wọlé, a ó pariwo pé òkú jí, òkú jí, ọ̀rọ̀ tán. Ràbàtà onílù wa, a ti sin ín tó ogójì ìgbà. Bẹ́ẹ̀ ni, ó kàn ń sanra sí i, mo mọ̀ pé ohun tí ẹ fẹ́ sọ nìyẹn! Èmi náà sin ín, mo sì rẹ́rìn-ín, mi ò ní purọ́. Àmọ́ inú yàrá títì ni, èèyàn márùn-ún péré. Bí eré bí eré, àlàbọrùn ń di ẹ̀wù.

Lọ́jọ́ tí ẹ ká a sílẹ̀, mo pẹ́. Oògùn ìyá mi ni mo lọ gbà. Akọrin wa kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan láti fi dán ohùn wò, ó fi orúkọ mi sí i, orúkọ mi gan-an, èyí tí ìyá mi sọ mí. Lọ́jọ́ kejì ọ̀fun rẹ̀ dí. Ọ̀gá Gìtá ní ti àná ti dára, iná wà nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ ó máa lọ bẹ́ẹ̀. Ó sì lọ bẹ́ẹ̀! Ta ló bi mí léèrè? Bọ̀dá, mo ní ta ló bi mí léèrè? Orí àga yìí lẹ jókòó sí, ẹ gbọ́ orúkọ alààyè nínú orin òkú, ẹ sì tẹ bọ́tìnnì. Orí rédíò ni èmi ti gbọ́ ọ.

Ṣé ẹ ti dúró síwájú ẹgbẹ̀rún mẹ́fà èèyàn rí, kí gbogbo wọn fi ohùn kan pè yín lórúkọ, kí wọ́n ní kí ẹ máa lọ? Tìfẹ́tìfẹ́ ni o! Wọ́n ń sunkún! Ọmọbìnrin kan wà níwájú, ó ń wò mí lójú, ó ń ké orúkọ mi, kò mọ̀ pé èmi ni. Ó ti ju igba ìgbà lọ tí wọ́n ti lé mi lọ bẹ́ẹ̀. Ìka kan lọ́wọ́ òsì mi, èyí tó tẹ̀ lé ọmọńdinrín, kò mọ okùn fayolín lára mọ́. Mo fi tẹ̀ ẹ́, ó dà bí ìka ẹlòmíràn. Dókítà ní kò sí nǹkan kan. Kò sí nǹkan kan kẹ̀! Nígbà tí nọ́ọ̀sì pè mí wọlé, obìnrin tó jókòó tì mí fọwọ́ bo ẹnu, ó ní, "Háà, orúkọ ẹni tó kú nínú orin yẹn!"

Ìyá mi ńkọ́? Ibi tó ti ń sá aṣọ ló ti gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé aládùúgbò, ó jókòó sórí aṣọ tútù. Láti ọjọ́ náà, aago mẹ́fà àárọ̀ kì í lù kó má pè mí lórí fóònù. Kì í kí mi. Á gbọ́ ohùn mi, á sì pa á.

Ẹ̀rù lásán, àbí? Ẹ̀rù lásán ló gbé pósí wá? Eré ńlá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n sì fẹ́ tún àwo náà gbé jáde. Mo wọ yàrá ìdánrawò láàárọ̀ yìí, mo bá káfíńtà. Ọ̀gá Gìtá ní tí orin náà bá dé, kí n lọ dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀. Mo ní n ò ṣe. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Àbúrò mi, àwọn èèyàn ti gbà pé o kú. Òdòdó ni wọ́n ń kó wá. Ta ni í bá ìtàn tó ń tà jà?" Ó wá fi èèpo àwo tuntun hàn mí. Orúkọ mi ló wà níbẹ̀ gàdàgbà, lábẹ́ rẹ̀: "Ní ìrántí." Ó ní lẹ́yìn eré yìí, ẹ̀yìn kọ́tìnnì ni kí n ti máa ta fayolín mi, kí n má baà ba nǹkan jẹ́. Kí n má baà ba nǹkan jẹ́! Wọ́n gba orin lọ́wọ́ mi, wọ́n gba orúkọ, ó wá ku ojú mi, wọ́n ní ojú náà ń dí wọn lọ́wọ́! Káfíńtà sì ń wọ̀n mí lọ. Ràbàtà nìkan ló wolẹ̀.

Orí mi má gbàbọ̀dè. Ẹ ṣí ẹ̀rọ yẹn, Bọ̀dá. Mo fi ọmú tí mo mu búra, mi ò ní dìde níbí.

Kí lẹ wí? Orúkọ ta ni kí ẹ fi rọ́pò? Ti Ọ̀gá Gìtá? Yéè! Ẹ má dán mi wò o. Ó wù mí. Ó wù mí débi pé itọ́ ń dà lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n mo mọ bó ṣe ń rí lára... rárá. Ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo.

Ó ti lọ? Ẹ jẹ́ n gbọ́. Hẹ̀n-ẹ́n. Ó ti lọ.

Èyí tó wà nílé àwọn èèyàn ńkọ́? Kò sóhun tí ẹ lè ṣe sí i. Mo mọ̀. Mo mọ̀, ẹ má wolẹ̀ bíi ti Ràbàtà. Ẹ gbójú sókè. Ohun kan ló kù tí ẹ máa ṣe fún mi: ẹ pe orúkọ mi. Ẹ̀yin fúnra yín, níbí, lójú mi, kí n dá yín lóhùn.

Háà! Rárá! Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ yẹn, Bọ̀dá! Orin lẹ fi pè é! Ṣé ẹ gbọ́ ara yín? Ẹ fà á bí wọ́n ṣe ń fà á! Ẹ pè é lásán, bí ẹni tó ní kí n wá gba omi mu. Ẹ tún un pè.

Rárá. Ẹ tún un pè!