Ohùn Ìyá Tinúkẹ́ àti Kọ̀ǹpútà Tí Kò Ní Fáànù

Phoebe, dókítà ti ní mi ò ní pẹ́ láyé mọ́, mi ò sì ní gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Ti èmi Gbémiga, akọ̀wé ìran ìjọ wa ní Märkisches Viertel, ní Berlin, ti bá mi lónìí.

O mọ̀ pé bí ẹ̀mí bá gbé màmá ẹ, Ìyá Tinúkẹ́, aríran ìjọ wa, èmi ni mo máa ń fi kọ̀ǹpútà ìjọ gba ohùn wọn sílẹ̀, kí n tó dà á kọ sínú ìwé ìran. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n máa kú, wọ́n ní kí n gbé e wá síbi ibùsùn, àwọn ní iṣẹ́ tí àwọn fẹ́ rán sí ọ ní Hamburg. Mo tan án, mo bá jáde lọ dáhùn fóònù. Mi ò gbọ́ gbólóhùn kan. Mo ní màá gbọ́ ọ tó bá yá.

Ọdún yẹn náà ni àwọn tó ń ṣe irú kọ̀ǹpútà wa pààrọ̀ ọpọlọ inú ẹ̀, ìyẹn ṣíìpù tó ń darí ẹ̀. Wòlíì Babalọlá, olórí ìjọ wa, bi mí pé, "Gbémiga, ṣé ó tó nǹkan tí à ń tìtorí ẹ̀ pààrọ̀ tiwa?" Mo ní ó tó, ó tún ṣẹ́kù. Mi ò purọ́ níbẹ̀ o. Tuntun yá, bátìrì ẹ̀ ń lo odindi ọjọ́, kò ní fáànù, kì í dún rárá. Ojú ń kán mi. Mo ti gbé ti àtijọ́ fún Lukas, tó ń tú ẹ̀rọ àtijọ́ palẹ̀ ní Lichtenberg, ní Berlin níbí, kí n tó rí i pé ohun tí mo gbà sílẹ̀ kò ṣí lórí ọpọlọ tuntun. Mo rò pé Lukas ti tú u, ojú sì tì mí. Mo sọ fún ìjọ pé gbogbo ẹ̀ ló ṣí.

O wá láti Hamburg. "Bọ̀dá, kí ni màámi sọ nípa èmi àti Joel?" Joel, àbúrò mi. Àgbàyà ni mí! Mo ní, "Wọ́n ní kí o fẹ́ ẹ." O kúnlẹ̀, ò ń sunkún ayọ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé ìran, mo tún fi déètì sí i.

Láti ọjọ́ náà ni kọ̀ǹpútà tí kò ní fáànù ti ń dún bíi ti àtijọ́. Mo pa á, ó ń dún. Mo tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù nílé mi, ó ń dún. Adétọ́lá ìyàwó mi ní òun ò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò lè jẹun nínú yàrá yẹn.

Ọdún kẹta tí ẹ ti fẹ́ra yín, o pè mí láti Steilshoop ní Hamburg. "Bọ̀dá, Joel ti lù mí tí eyín mi fi yọ. Ṣùgbọ́n màámi ò lè ṣì mí lọ́nà, màá fara dà á." Mo sáré lọ sí Lichtenberg. Lukas ò tíì tú u. A tan án, ohùn màmá ẹ jáde:

"Gbémiga, mo mọ̀ pé o ti jáde. Kí o tó gbọ́ èyí, ìró ẹ̀rọ yìí á ti gba ilé ẹ. Sọ fún Phoebe kó má fẹ́ Joel àbúrò ẹ. Ọwọ́ ẹ̀ le, á máa lù ú."

Háà, Phoebe! Oṣù márùn-ún rèé tí mo ti gbọ́ ọ, mi ò sọ. Ìyẹn ló burú jù.

Wòlíì, bí èyí bá dé etí yín, ẹ̀rọ yẹn tó bẹ́ẹ̀ bí mo ṣe sọ. Èmi ni mi ò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ, ẹ má fi irọ́ bo ìtìjú. Phoebe, màmá ẹ ò sọ ọ́ rí pé kí o fẹ́ Joel, èmi ni. Adétọ́lá ti wọ ọkọ̀ ojú irin láti wá mú ọ lọ sí Frauenhaus, ilé ààbò àwọn obìnrin tí ọkọ ń lù, níbi tí Joel ò ti ní rí ọ. Dárí jì mí tó bá ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ di ẹrù ẹ.