Hóró Tí Mo Bù Nínú Agolo Ọmọ Mi

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọ̀rọ̀ kan ti wà níkùn mi fún ọdún mẹ́ta. N kò bá tí sọ ọ́ rárá, àmọ́ ìyá Fẹ́mi pàdé mi ní Ìlúpéjú lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ni ọmọ mi ṣe fún ọmọ yín?"

Káyọ̀dé ọmọ mi àti Fẹ́mi jọ ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fa gáàsì. Omi máa ń wà nínú gáàsì bó ṣe ń jáde nílẹ̀, bó ṣe wà nínú iṣu tútù, ó sì máa ń ba páìpù jẹ́. Ẹ̀rọ tó ń fa omi náà kúrò ti darúgbó. Fẹ́mi ló wá hóró tuntun tó ń fa omi mu, tí wọ́n máa kó sínú rẹ̀, kó lè tún ṣiṣẹ́ dáadáa.

Káyọ̀dé ń gbé e lọ fún àyẹ̀wò ní Adó, ó wá yà sọ́dọ̀ mi ní Ìsàn. Agolo méjì ni. Hóró àtijọ́ wà nínú ọ̀kan, tuntun wà nínú èkejì, funfun, kéékèèké bí ìlẹ̀kẹ̀. Ó da tuntun díẹ̀ sí mi lọ́wọ́, ó kán omi sí i. Ẹ gbà mí gbọ́, ó gbóná bí ẹyin iná. Kò síná, kò sóòrùn. Ẹnu mi ò lè padé. Ta ló fi òùngbẹ sínú òkúta, bí kì í bá ṣe Ọlọ́run?

Ó ń rẹ́rìn-ín. "Yèyé, uṣẹ́ mi rè é o, ẹ má lọ fi sebẹ̀."

N kò fi sebẹ̀. Ìgbà òjò ni, èlùbọ́ mi ń rin, ó ń bu. Nígbà tó lọ wẹ̀, mo bu abọ́ kan nínú tuntun, mo dì í sínú aṣọ, mo tì í sínú ìkòkò èlùbọ́. Mo wá fi àtijọ́ dí agolo náà kó má baà hàn pé ó dín, mo sì gbọ̀n ọ́n pọ̀. Èmi tí mo ti ń sá kòkó láti kékeré, tí n kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da tútù mọ́ gbígbẹ.

Àyẹ̀wò ní hóró Fẹ́mi ò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju àtijọ́ lọ. Káyọ̀dé kọ ọ́ sínú ìwé pé ayédèrú ni. Wọ́n lé Fẹ́mi, ọmọ tó ti jẹun nílé mi láìmọye ìgbà.

Èlùbọ́ mi kò bu mọ́ títí òjò fi dá. Mo máa ń ṣí ìkòkò, ẹ̀rù á máa bà mí.

Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ìkà ni mo fi ṣe é. Mo rò pé abọ́ kan ò lè ṣe nǹkan kan fún ẹ̀rọ tí wọ́n ní ó ga ju ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ. Tí mo bá sọ ọ́ báyìí, Káyọ̀dé ló fọwọ́ sí ìwé náà, iṣẹ́ tiẹ̀ náà lè bọ́. Tí mo bá dákẹ́, Fẹ́mi ni wọn yóò máa pè ní oníjìbìtì, ìyá rẹ̀ á sì máa pè mí ní ẹ̀gbọ́n.

Ẹ jọ̀ọ́, ìlẹ̀kùn ta ni kí n kọ́kọ́ kàn?