Ọwọ́ Mi Ni Ọlọ́run Ṣí

Ẹ bá mi gbé Jésù ga! Mo ní ẹ bá mi gbé e ga! Ọlọ́run tó jí mi láàárọ̀ yìí, tó jẹ́ kí n wọ sùtánà mi wá sílé rẹ̀, tí kò jẹ́ kí ẹ wá bá mi kẹ́dùn nílé, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá Káyọ̀dé ni mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń lọ sí Oko Ọba mọ̀ mí, èmi ni mò ń ta pọ̀nmọ́ nítòsí ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù. Ọ̀rọ̀ Dámilọ́lá, ìyàwó ọmọ mi, ni mo gbé wá. Òun ló jókòó níwájú yẹn, tó gbé ọmọ lọ́wọ́. Adití ni. Ibà líle kan ló mú un ní kékeré, láti ìgbà náà ni etí rẹ̀ ò ti gbọ́ nǹkan mọ́. Ilé iṣẹ́ bísíkíìtì kan n'Íkẹjà ni òun àti Káyọ̀dé ti pàdé, ibẹ̀ ni àwọn méjèèjì ń ṣiṣẹ́.

Ẹ má bínú, òótọ́ ni màá sọ. Nígbà tí Káyọ̀dé mú un wá bá mi l'Ábúlé Ẹ̀gbá, inú mi ò dùn. Mo ní ta ni yóò máa bá mi sọ̀rọ̀ nínú ilé? Wọ́n ṣègbéyàwó, a jọ ń gbé, àmọ́ tí Káyọ̀dé ò bá ti sí nílé, bí àlejò méjì la ṣe máa ń wà. Màá pariwo "Dámi! Dámi!" bí ẹni pé ariwo ló máa ṣí etí. Á tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi, èmi náà ò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ̀wé kà.

Mo wá gbé e lé àdúrà. Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ méje. Mo ro òróró sí i létí. Mo mú un wá síwájú Wòlíì wa, mo ní kí wọ́n lé ẹ̀mí adití jáde. Dámi ò bá mi jà. Ó kúnlẹ̀, ó ṣáà ń wò mí. Nígbà tá a délé, ó kọ nǹkan sínú ìwé, ó ní kí Káyọ̀dé kà á fún mi: "Màmá, èmi náà ń gbàdúrà fún yín. Mò ń bẹ Ọlọ́run kó ṣí ọwọ́ yín, ká lè jọ máa sọ̀rọ̀."

Ará, mo wọ yàrá lọ, mo sunkún. Ọjọ́ kejì ni mo ní kó máa kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ sọ̀rọ̀. Bá a bá ń já ẹ̀fọ́, ó ń kọ́ mi. Omi, báyìí. Ebi, báyìí. Orí ń fọ́ mi, báyìí. Mo dé ìsọ̀, mò ń dá ju ọwọ́ nídìí pọ̀nmọ́, àwọn oníbàárà ní Ìyá Káyọ̀dé ti ń bá áńgẹ́lì sọ̀rọ̀! Ó pẹ́ kí ọwọ́ mi tó yá. Lọ́jọ́ kan mo fẹ́ sọ fún un pé ọbẹ̀ rẹ̀ dùn. Mi ò mọ nǹkan tí mo fọwọ́ wí, àmọ́ Dámi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ tá a jọ rín nìyẹn.

Ó lóyún, oyún pé oṣù mẹ́jọ. Ilé iṣẹ́ ti rán Káyọ̀dé lọ sí Ìbàdàn. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mò ń di ẹrù ọjà mi, Dámi jáde sí mi, ó di orí mú. Mo rò pé àárẹ̀ oyún ni. Mo fọwọ́ sọ fún un pé kó lọ sùn. Ó ní rárá. Ó tọ́ka sójú, ó wá ń ṣí ìka, ó ń pa á dé, bí iná tó ń tàn tó ń kú. Ó di abẹ́ ọmú ọ̀tún mú, ojú rẹ̀ le. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ti wú bíi tìmùtìmù. Ẹrù ọjà dà? Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀, mo pe kẹ̀kẹ́ Márúwá.

A dé ọsibítù, èrò kún fọ́fọ́. Orúkọ ni wọ́n fi ń pe èèyàn níbẹ̀, ẹni tí kò bá dáhùn, káàdì rẹ̀ á padà sísàlẹ̀. Dámi ti sọ fún mi rí pé nígbà tóun ń dá lọ, òun ló máa ń kẹ́yìn gbogbo èèyàn. Mo sáré bá nọ́ọ̀sì, mo ní ara ìyàwó mi ò yá rárá. Kò wojú mi. Dámi ló kọjú sí, ó ń da ìbéèrè bò ó. Dámi ń wo ẹnu rẹ̀. Nọ́ọ̀sì bá pariwo: "Màdáámù, àbí ẹ dití ni?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, áńtí nọ́ọ̀sì, ó dití. Èmi ni kẹ́ ẹ bi, màá bi í."

Ojú tì í. Ó gbé káàdì wọlé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Dókítà ń béèrè, mò ń fọwọ́ bi Dámi, Dámi ń dáhùn, mò ń túmọ̀. Nígbà tí mo dórí iná tó ń rí lójú, dókítà dìde dúró. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, hàà! Ó ní, "Màmá, ká ní ẹ jẹ́ kó lọ sùn ni, gìrì ì bá ti mú un. Ká máa gbé e lọ sí tíátà, iṣẹ́ abẹ la máa fi gba ọmọ náà."

Wọ́n ní kí n dúró síta. Dámi di ọwọ́ mi mú, kò fi sílẹ̀. Gbogbo wọn ló fi nǹkan bo ẹnu, kò lè rí ètè ẹnikẹ́ni. Mo bẹ dókítà, ó wò wá, ó ní kí wọ́n wọ aṣọ tíátà fún mi. Èmi oní-pọ̀nmọ́! Mo dúró níbi orí rẹ̀. Ẹnu mi ń gbàdúrà, ọwọ́ mi ń sọ fún un pé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, pé kó máa mí dáadáa, pé ó kù díẹ̀.

Ọmọ ké. Gbogbo wa gbọ́, òun ò gbọ́. Ojú mi ló ń wò. Mo fọwọ́ sọ fún un pé, "Ó ti dé. Obìnrin ni. Ó ń ké, ohùn rẹ̀ lọ sókè!" Bó ṣe sùn síbẹ̀ yẹn, omijé ń ṣàn láti ojú rẹ̀ wọ inú etí méjèèjì.

Halelúyà! Káyọ̀dé dé, ó bá ìyàwó láàyè, ó bá ọmọ láàyè. Mátírọ́nù ti fi àmì pupa sára káàdì Dámi, tó bá ti kàn án, wọ́n á wá fọwọ́ kàn án léjìká. Àní nọ́ọ̀sì tó pariwo yẹn, ó ti ní kí Dámi kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń kí ẹ káàárọ̀. Àwọn kan ń bi mí pé ṣé ọmọ yìí ń gbọ́ràn. Tó bá ń gbọ́, ọpẹ́ ni. Tí kò bá gbọ́, kò ní dá wà nínú ilé wa.

Ẹ wá bá mi yọ̀. Ẹ má pàtẹ́wọ́ o! Ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ẹ na ìka yín, ẹ máa jù ú báyìí. Wòlíì, ẹ̀yin náà, sà. Àwọn akọrin, ẹ gbé e sókè dáadáa. Bí àwọn adití ṣe ń yin Olúwa nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ sọ fún un: Dámi, wẹ̀yìn wò! Ẹ̀yin ará, ẹ má sọ ọ́ kalẹ̀ o, ó ti ń rí yín. Ti Ọlọ́run nìkan ni gbogbo ògo!