Gbólóhùn Kan Tí Mo Yọ Nínú Lẹ́tà Dessie

Ọjọ́ tí ìròyìn ikú Dessie Napier, ọ̀rẹ́ mi, dé, mò ń bu ẹ̀wà sínú àwo nígbà tí fóònù dún. Ìyá rẹ̀, Màmá Orlena, ló pè. Kò sunkún. Ó ní, "Vesta ọmọ mi, Dessie ti lọ láàárọ̀ yìí. Ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ dúró. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ pè, torí kò sẹ́ni tó ṣe é lóore tó ẹ láyé." Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ oore yẹn ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ bí òkú sínú yàrá. Ó tó gẹ́ẹ́ kí n gbé e síta.

Ilé ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì kan náà ni èmi àti Dessie lọ, ní àfonífojì wa láàárín àwọn òkè Kentucky, níbi tí bàbá tirẹ̀ àti bàbá tèmi ti ń wa èédú. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ wa ní orin ìyìn, ìránṣọ, àti bí a ṣe ń kọ lẹ́tà ìdúpẹ́. Lórí ìwé, ọ̀rọ̀ a máa gbọ́ tèmi. Àwọn aláìsàn a máa gbọ́ ti Dessie. Ní ọdún 1991, ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn kan ní ìpínlẹ̀ wa pe àwa méjèèjì fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọ́n sì ní kí a ṣì máa dúró ná, bóyá àyè kan lè ṣí. Ẹni tó bá ń dúró báyìí a máa kọ lẹ́tà sí ilé ẹ̀kọ́ náà: ó ń dúpẹ́, ó sì ń sọ ohun tuntun tó ti ṣe láti ìgbà náà. Dessie kọ́kọ́ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ fún gbogbo àwọn tí a bá pàdé níbẹ̀, títí kan obìnrin tó bu kọfí fún wa.

Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ṣé oníkọfí ló máa gbà ẹ́ wọlé ni?"

"Òun nìkan ló bi mí bóyá mo ti jẹun," ó ní. "Jẹ́ n dúpẹ́ lọ́wọ́ èèyàn mi."

Olùkọ́ tó ń tọ́ wa sọ́nà, Ọ̀gbẹ́ni Stidham, pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Vesta, àwọn ilé ẹ̀kọ́ yẹn mọ̀ pé gbogbo yín lẹ ṣiṣẹ́. Ohun tí wọ́n ń wá nínú lẹ́tà yẹn ni ẹni tó máa wá tí wọ́n bá pè é. Ilé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo lèèyàn lè ṣe irú ìlérí yẹn fún, kó má baà di irọ́. Sọ fún Dessie náà o." N kò sọ fún un. Èmi fúnra mi ti fi ìlérí tèmi ránṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn kan ní Ohio lọ́sẹ̀ tó ṣáájú.

Ṣùgbọ́n Dessie kò nílò olùkọ́. Ó gbé lẹ́tà rẹ̀ wá bá mi, ó ní, "Bá mi wẹ̀ ẹ́, jàre. Èédú ṣì wà lára ẹ̀." Ó ti kọ ọ́ sí ìparí pé: Bí ẹ bá pè mí, màá wá, n kò sì ní lọ sí ibòmíràn, nítorí bàbá mi kò lè mí dáadáa, àfonífojì wa kò sì ní dókítà.

Mo tẹ lẹ́tà náà sórí kọ̀ǹpútà. Mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe, ó dán. Nígbà tí mo dé orí gbólóhùn yẹn, mo fò ó. Ọwọ́ mi kò gbọ̀n. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù títí dòní.

"Ṣé ó pé?" Dessie bi mí.

"Ó pé."

Kò kà á. Ó fọwọ́ sí i lórí orúnkún rẹ̀, ó ní, "Ìwọ ni mo gbọ́kàn lé." Mo lọ kọ irú ìlérí náà sínú lẹ́tà tèmi, bí mo tilẹ̀ ti ṣe é fún ti Ohio.

Ní oṣù kẹjọ, àyè kan ṣí. Èmi ni wọ́n pè. Dessie gbé àkàrà òyìnbó tí wọ́n fi èso ápù ṣe wá sílé wa. "Dókítà, ẹsẹ̀ ẹ ṣì ń rùn," ó ní. "Ó kéré tán, èèyàn kan á wà tó máa yẹ àyà bàbá mi wò." Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ló kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ sí mi, pé mo bá òun tún lẹ́tà ṣe. Bàbá rẹ̀ kú kí n tó kẹ́kọ̀ọ́ tán. Dessie ń wẹ àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú títí ó fi kú.

Mo máa ń tan ara mi pé gbólóhùn kan kò lè ṣe nǹkan. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, wọ́n fi mí sí ìgbìmọ̀ tó ń yan akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn. Alága gbé lẹ́tà ọmọ kan sókè. "Ọmọ yìí dáa, àmọ́ kò sọ pé òun máa wá. Ẹ jẹ́ ká mú ẹlòmíì." Mo nawọ́ sókè pẹ̀lú wọn.

Èyí tó burú jù lọ ṣẹlẹ̀ níbi ìsìnkú. Màmá Orlena ti tọ́jú ẹ̀dà lẹ́tà tí mo tẹ̀ fún Dessie sínú Bíbélì. Ó fà á lé mi lọ́wọ́. "Kà á fún wọn. Jẹ́ kí wọ́n gbọ́ bí ọmọ mi ṣe mọ̀wé." Mo kà á níwájú pósí. Nígbà tí mo dé ibi tí gbólóhùn yẹn yẹ kó wà, mo dúró. Àwọn èèyàn rò pé ẹkún ni. Mo sì kà á dópin, mo fò ó lẹ́ẹ̀kejì. Màmá Orlena di ọwọ́ mi mú. "O ṣeun, ọmọ mi."

Ẹ̀yin ọmọdé tí ẹ ń kọ lẹ́tà, bí ọ̀rẹ́ yín bá gbé tirẹ̀ lé yín lọ́wọ́, ẹ dì í mú bí ẹni tó gbé ọmọ tuntun. Èmi kò lè bẹ̀bẹ̀ fún ìdáríjì lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ilẹ̀ ti bò ó.

Láàárọ̀ yìí mo mú bírò, mo kọ gbólóhùn náà sí àyè rẹ̀ lórí ẹ̀dà tí Màmá Orlena fà lé mi lọ́wọ́, bí Dessie ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Mo rìn gba etí odò lọ sílé Màmá Orlena. Nígbà tí ó ṣílẹ̀kùn, mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ó ku gbólóhùn kan tí n kò kà."