Ata tí mo fi pa ẹsẹ̀ Màmá Aránṣọ

Ẹ súnmọ́ ibí, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka nǹkan tí mò ń kọ. Ẹ gbé iṣẹ́ ọwọ́ yín sílẹ̀ díẹ̀, kẹ́ ẹ fetí sí mi dáadáa, torí ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun láti oṣù mẹ́rin. Mi ò lè gbé e mì, mi ò sì lè pọ̀ ọ́. Mo ti sọ fún yín rí pé ìpara ata mi wo ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n màmá mi sàn. Irọ́ ni. Èmi ni mo ba ẹsẹ̀ yẹn jẹ́.

Ata fúnra ẹ̀ ò ṣẹ̀ o. Bíríkìlà kan wà ládùúgbò wa tí orúnkún ń dà láàmú. Mo gún ata wẹ́wẹ́, mo rọra sè é nínú òróró, mo sẹ́ ẹ, mo fi ìda oyin sí i kó lè dì. Ó fi pa á fún ọ̀sẹ̀ kan, ó ní, "Àbúrò, ó kọ́kọ́ ta mí bí agbọ́n. Nígbà tó yá, ìrora yẹn fúnra ẹ̀ ní kí n dákun, òun ń lọ." Orí mi wú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sórí fóònù: ata fún orúnkún, ata fún ọ̀fìnkìn, ata fún ẹ̀yìn ríro. Èmi tí mi ò jókòó ní kíláàsì nọ́ọ̀sì rí.

Màmá Aránṣọ, ẹ̀gbọ́n màmá mi yẹn, ló tọ́ mi dàgbà. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni maṣíìnì wọn wà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ láti àárọ̀. Ìtọ̀ ṣúgà ń bá wọn fínra, ẹsẹ̀ wọn sì ti ń kú, débi pé nígbà míì wọn kì í mọ̀ bóyá àwọn ti tẹ irin ìsàlẹ̀ yẹn àbí àwọn ò tíì tẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní, "Dókítà aláta, ṣé tèmi ò tó kó o wò ni?" Mo fi ìpara pa á. Mo ní, "Màmá, ṣé ó ń ta yín?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ta kẹ̀? Ata tìẹ ti sùn lọ ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn bí mi nínú, ẹ ò ní gbà gbọ́. Ata tó mú bíríkìlà kígbe! Lọ́jọ́ kejì mo fi kún un. "Ó ṣì ń hanrun," ni wọ́n wí. Lọ́jọ́ kẹta, mo lọ ata tútù, mo fi bo gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ àti ọmọ ìka, mo fi ọ̀rá wé e, mo wá fi aṣọ tí mo rì bọ omi gbígbóná lé e. Ẹ jẹ́ n sọ èyí tó burú jù níbẹ̀: dókítà ti kọ ọ́ sínú káàdì wọn pé nǹkan gbígbóná ò gbọdọ̀ kan ẹsẹ̀ yẹn. Èmi ni mo máa ń ka káàdì náà fún wọn. Mo rí ìlà yẹn, mo sì fò ó.

Bí ata ṣe ń jẹ ẹsẹ̀ wọn, wọ́n ń gbá etí aṣọ ọmọ iléèwé, èmi ń ya fídíò. Mo ní, "Ẹ sọ pé kò dùn yín mọ́." Wọ́n ní, "Kò dùn mí. Ṣé mo sọ pé ó ń dùn mí tẹ́lẹ̀ ni?" Mo gé apá kejì yẹn kúrò, mo gbé e síta fún yín.

Nígbà tí mo tú ọ̀rá, awọ bá a jáde. Màmá wò ó bí ẹni wo ẹsẹ̀ ẹlòmíì. Kò dùn wọ́n rárá. Ìgbà yẹn ló yé mi pé ata ò sùn. Ẹsẹ̀ ni kò mọ nǹkan kan mọ́.

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì ní, "Kí lẹ fi sí i?" Kí Màmá tó la ẹnu, mo ti sọ pé omi gbígbóná ló dà sí wọn lẹ́sẹ̀. Màmá wò mí. Wọ́n wá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, nọ́ọ̀sì. Ọwọ́ mi ló gbọ̀n." Nọ́ọ̀sì bá wọn wí bí ọmọ kékeré, èmi náà wà níbẹ̀, mò ń mi orí. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ méjì ni wọ́n gé.

Láti ọjọ́ yẹn ni ilé ti ń sọ pé Màmá ò ṣe é fi sílẹ̀ nìkan mọ́, pé ẹni tí kò lè gbé omi gbígbóná, abẹ́rẹ́ ló máa gún un pa. Ọ̀la ni àkọ́bí wọn ń bọ̀ wá gbé maṣíìnì lọ, kó sì kó wọn lọ sílé ẹ̀. Mo lọ bá Màmá láàárọ̀ yìí, mo kúnlẹ̀. Wọ́n ní, "Dìde. Mo ti gbà á pé èmi ni." Mo ní rárá. Mo ti fi gbogbo ohun tẹ́ ẹ kà yìí ránṣẹ́ sí àkọ́bí wọn kí n tó gbé e síbí. Kò tíì fèsì.

Ẹ foríjì mí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi ìpara mi pa ẹsẹ̀ tó ti kú. Ẹ fọ̀ ọ́ kúrò, kẹ́ ẹ lọ rí dókítà lónìí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹni tí ata ò bá ta, ẹ má fi ata kún un. Ṣùgbọ́n ẹ dá mi lóhùn, ẹ má tàn mí: ká ní ẹ̀yin lẹ wà níwájú nọ́ọ̀sì yẹn, tí ẹni tó tọ́ yín ń wò yín lójú, kí lẹ ò bá sọ?