Ọmọ Tí Mo Ní Ó Mọ̀wé Kà

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi. Mi ò tíì sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá ni kò jẹ́ kí n lè pa á mọ́ra mọ́.

Nígbà tí mo jáde yunifásítì, iṣẹ́ ò sí. Mo gba iṣẹ́ tíṣà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan ní Agbowó. Orí búlọ́ọ̀kù làwọn ọmọ ń jókòó sí. Ìwé kíkà kan ṣoṣo la ní ní kíláàsì, ọwọ́ mi ló sì ń wà. Bí mo bá kà, àwọn ọmọ á wí i tẹ̀lé mi. Àwọn òbí tó rí owó ti ń kó ọmọ lọ sí ilé ìwé aládàáni. Ọ̀gá ilé ìwé wa ní bí ọmọ bá tún dín kù, wọ́n á pa kíláàsì wa pọ̀ mọ́ òmíràn, àwa tíṣà tuntun la ó sì kọ́kọ́ lọ.

Rálíátù wà ní kíláàsì mi. Ìyá rẹ̀, tó ti Ṣakí wá, ń ta kẹrosíìnì ní Baṣọ̀run. Ọmọ náà máa ń ka ìwé wa láìfi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mo ṣí ojú ewé mìíràn fún un, ó ṣì ń ka ti àná lọ. Ó ti há a sórí ni. Ìwọ̀nba lẹ́tà díẹ̀ ló dá mọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ibi tí mo ti ṣẹ̀ nìyí. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, ìyá rẹ̀ wá bá mi. Àbúrò ìyá náà ọkùnrin, tó ń wakọ̀ ní Òjòó, fẹ́ san owó ilé ìwé aládàáni fún ọmọ náà.

"Tíṣà, tó bá ń ṣe dáadáa níbí, kí ni mo fẹ́ ná owó àbúrò mi sí? Kí ìyàwó rẹ̀ lè máa yínmú sí mi?"

Mo pe Rálíátù. Mo ṣí ibi tó mọ̀ lórí. Ó kà á geere.

Ìyá rẹ̀ pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbọ́ ẹnu bíi rédíò! Èmi tí mo bí i, mi ò mọ a-bí-dí."

Mo ní, "Màmá, ẹ má yọ ọ́." Wọn ò yọ ọ́. Iṣẹ́ mi ò bọ́.

Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ì bá mọ̀wé kà níbòmíràn. Èmi kọ́ ni mo ní kí ìwé má tó. Ṣùgbọ́n èmi ni mo dí ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ fún un. A kì í jẹ́ kí ọmọ tún kíláàsì ṣe, nítorí náà ó ń gòkè lọ bẹ́ẹ̀.

Ó ti parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ó ti ṣe ìdánwò àtiwọ sẹ́kọ́ńdìrì lẹ́ẹ̀mejì, kò yege. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá rẹ̀ mú un wá sí yàrá mi ní Bódìjà.

"Ẹ bá mi bá a wí, tíṣà. Ṣebí ojú wa ló ṣe ń kàwé! Ọ̀lẹ ló dà."

Mo bá a wí. Ẹ jọ̀ọ́, mo bá a wí níwájú ìyá rẹ̀. Rálíátù kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, sà."

Ní ìparí oṣù yìí, ìyá rẹ̀ fẹ́ dá a padà sí Ṣakí, kó lọ máa bá ìyá àgbà ṣe oko. Àbúrò tó fẹ́ sanwó nígbà yẹn ti ní ọmọ tirẹ̀ báyìí. Bí mo bá jẹ́wọ́, ìjẹ́wọ́ mi ò ní san owó ilé ìwé. Bí mo bá dákẹ́, ọmọ náà á gbà pé ọ̀lẹ lòun.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún ìyá tó ṣì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi?